Ìlu Tín-ín-rín àti Ihò Ìlẹ̀kẹ̀

Ẹ̀yin òǹkàwé mi, bí ẹ bá rìn ní Etikan láti etí òkun títí dé ẹ̀yìn ọ̀sà, ẹ kò ní rí òkúta kan tí ilẹ̀ ibẹ̀ fúnra rẹ̀ bí. Iyanrìn ni, ẹrẹ̀ ni, omi ni. Ọlọ tí ìyá àgbà fi ń lọ ata, láti òkè ni wọ́n ti gbé e wá nínú ọkọ̀. Ṣùgbọ́n ẹ wo ọrùn àwọn olóyè ní ọjọ́ ọdún, ní Etikan níbẹ̀ àti ní Ugbò, ní Mahin àti ní Àhẹ̀rì, àwọn ìlú ọba mẹ́rin tí Ìlàjẹ ń kà. Ẹ óò rí iyùn, ẹ óò sì rí ìlẹ̀kẹ̀ òkúta pupa tí ó gùn bí ọmọ ìka. Gbogbo ènìyàn ni ó máa ń bèèrè ibi tí òkúta bẹ́ẹ̀ ti wá. Ìbéèrè tèmi yàtọ̀ díẹ̀: ta ni ó dá ihò sí i, irin wo ni ó sì fi dá a?

Ẹ má fi ojú kékeré wo ìbéèrè náà. Òkúta pupa tí kò ní ihò, ohun ìṣeré ọmọdé ni. Kò ṣeé so mọ́ ọrùn, kò ṣeé so mọ́ ọwọ́, ọba kò sì lè fi í jẹ oyè. Ihò ni ó ń sọ ọ́ di ìlẹ̀kẹ̀. Ihò yìí kan náà ni ó sọ àwọn oníṣẹ́ kan ní ilẹ̀ wa di olówó nígbà kan rí, òun náà ni ó sì wà nínú ohun tí ó gba iṣẹ́ lọ́wọ́ wọn.

Irin ẹlẹ́nu ṣóńṣó tí a fi ń dá nǹkan lu ni à ń pè ní ìlu. Kí ẹ má ṣe kà á bí ìlù tí à ń lù ní òde ijó, ẹ má sì kà á bí ìlú tí à ń gbé. Ohun tí ó yẹ kí a kọ́kọ́ mọ̀ nípa ìlu ni pé kò sí ọ̀kan tí ó dára fún ohun gbogbo. Ohun tí a fẹ́ lu ni ó ń yan ìlu, kì í ṣe ọwọ́ tí ó mú un.

Ẹ jẹ́ kí a bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú èyí tí ó rọrùn, tí ó sì wà ní ẹ̀yìnkùlé Etikan: èèpo àgbọn. Ìlẹ̀kẹ̀ èèpo àgbọn ti wà tipẹ́ ní ilẹ̀ wa, ọ̀nà tí wọ́n fi ń ṣe é sì jọ èyí tí a mọ̀ ní ibi púpọ̀ ní Áfíríkà. Wọ́n á fọ́ èèpo náà sí wẹ́wẹ́, wọ́n á dá ihò sí àárín ọ̀kọ̀ọ̀kan, wọ́n á sín gbogbo rẹ̀ sórí okùn kan tí ó le, wọ́n á wá máa fi gbogbo rẹ̀ gbo ara òkúta títí wọn yóò fi rí róbótó bákan náà. Ẹ kíyè sí i pé ihò ni ó ṣáájú. Bí ihò kò bá sí láàárín gan-an, ìlẹ̀kẹ̀ náà yóò wọ́ sí ẹ̀gbẹ́ kan nígbà tí wọ́n bá ń gbo ó. Irin lásán tí alágbẹ̀dẹ pọ́n ní ẹnu tó fún èèpo àgbọn. A kàn ń yí i láàárín àtẹ́lẹwọ́ méjì ni, tàbí kí a fi okùn ọrun yí i, bí àwọn gbẹ́nàgbẹ́nà ayé àtijọ́ ti máa ń ṣe ní ọ̀pọ̀ ilẹ̀.

Iyùn náà kò le. Inú òkun ni iyùn ti ń hù, ṣùgbọ́n kì í ṣe òkun tí ó ń lu etí Etikan. Òkun Mẹditaréníà ni ó ti ń wá, àwọn ará Pọtogí tí ó dé etíkun wa ní nǹkan bíi 1470 sí 1490 sì wà lára àwọn tí ó kó o wá fún Bìní. Irin ń họ iyùn láìṣe wàhálà. Ìdí nìyẹn tí iyùn fi ṣeé tún gbẹ́, tí ó ṣeé tún lu, bí ẹni tí ó ni ín bá fẹ́ kí ó kéré sí i.

Dígí ni ọ̀rọ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í le lé lórí. Dígí ń fọ́. Ẹni tí ó bá fi ìlu lu ìlẹ̀kẹ̀ dígí kékeré, àfọ́kù ni yóò kó nílẹ̀. Ọgbọ́n tí àwọn ará Ifẹ̀ dá sí èyí mú orí mi wú. Wọn kò lu ú rárá. Nígbà tí dígí bá yọ́ nínú iná tí ó ń fà bí ọ̀dà, wọn á jẹ́ kí òfìfo wà nínú rẹ̀, wọn á wá fà á gùn bí okùn. Bí ó ti ń tín-ín-rín sí i ni ihò inú rẹ̀ náà ń tín-ín-rín, ṣùgbọ́n kò ní dí. Nígbà tí ó bá tutù, wọn á gé e sí kéékèèké, ọ̀kọ̀ọ̀kan a sì ti ní ihò kí a tó gé e. Ní Igbó Olókun ní Ifẹ̀ ni wọ́n ti ṣe èyí, láàárín ọdún 1000 sí 1500. Leo Frobenius ará Jámánì rí ìkòkò ìyọ́gí níbẹ̀ ní 1910, ó sì gbé ìtàn kalẹ̀ nípa rẹ̀ tí ó jẹ́ pé àwọn àjèjì ni ó fi ọlá rẹ̀ fún. Nígbà tí ọmọ wa, Abídèmí Babalọlá, wá gbẹ́ ilẹ̀ náà láàárín 2010 sí 2012, ìlẹ̀kẹ̀ dígí tí ó rí lé ní 12,000. Àyẹ̀wò tí wọ́n ṣe sí dígí náà fi hàn pé ohun tí wọ́n pò pọ̀ nínú rẹ̀ kò jọ ti ilẹ̀ Lárúbáwá, kò sì jọ ti Yúróòpù. Ilé ni wọ́n ti ṣe é. Ẹ̀yin ará etí òkun tí ẹ ń bọ Málókun, ẹ kò ní ṣàì rí i pé Olókun kan náà ni wọ́n fi igbó ìlẹ̀kẹ̀ yìí sọ ní Ifẹ̀, níbi tí òkun kò sí nítòsí.

Ó wá ku òkúta pupa, ibẹ̀ ni ìtàn gan-an wà.

Ní 1812, Friedrich Mohs ará Jámánì to àwọn òkúta lẹ́sẹẹsẹ láti orí 1 dé 10 gẹ́gẹ́ bí ọ̀kan ti ń họ èkejì. Dáyámọ́ńdì ni ó wà ní 10. Òkúta pupa tí à ń sọ yìí, èyí tí Bíbélì ń pè ní jásípérì àti sádíúsì, wà ní 7 tàbí kí ó dín díẹ̀. Iyùn kò ju bíi 3 sí 4 lọ. Irin alágbẹ̀dẹ kò tó 7. Ẹ ti rí ohun tí èyí túmọ̀ sí: bí ẹ bá fi ìlu irin yí lórí òkúta pupa láti òwúrọ̀ di alẹ́, irin ni yóò jẹ, òkúta kò ní jẹ. Báwo wá ni àwọn baba wa ṣe dá a lu?

Wọn kì í ṣe àwọn àkọ́kọ́ tí ìṣòro yìí dé bá. Ní etí odò Índúsì, ní ibi tí ó di Pakistan àti Índíà lónìí, àwọn ènìyàn kan ń lu òkúta pupa tí ó gùn tó sẹ̀ǹtímítà 10 ní nǹkan bíi 2,600 ọdún kí a tó bí Jésù. Òkúta mìíràn tí ó le ju èyí lọ ni wọ́n fi ṣe ìlu. Nígbà tí àwọn onímọ̀ ayé òde òní gbìyànjú rẹ̀ wò, wọ́n rí i pé mìlímítà 2 àti ààbọ̀ péré ni ìlu náà ń wọlé ní wákàtí kan. Ìlẹ̀kẹ̀ kan ṣoṣo lè gba odidi ọjọ́ púpọ̀. Lẹ́yìn náà ni àwọn ará Índíà kan náà rí dáyámọ́ńdì lò. Ní ìlú Khambhat títí di òní, wọ́n ń fi ẹyọ dáyámọ́ńdì kéékèèké méjì sí ẹnu irin, wọ́n ń fi ọrun yí i, omi sì ń kán sí ihò náà díẹ̀díẹ̀ kí ó má baà gbóná. Òkúta pupa ti ń wọ ilẹ̀ wa láti ìgbà pípẹ́. Ní Ìgbò-Úkwú, níbi tí Thurstan Shaw gbẹ́ ní 1959 sí 1960, ìlẹ̀kẹ̀ tí ó jáde lé ní 165,000. Dígí ni ó pọ̀ jù nínú wọn, ṣùgbọ́n òkúta pupa wà níbẹ̀ pẹ̀lú, a sì gbà pé ó ti tó 1,000 ọdún tí wọ́n ti wà nínú ilẹ̀.

Ní ilẹ̀ Yorùbá, àwọn tí ó mú iṣẹ́ náà ní iṣẹ́ ni àwọn oníṣẹ́ lántànà ti Ìlọrin. Àwọn ìdílé wọn tọ́ka sí Ọ̀yọ́ Ilé gẹ́gẹ́ bí ibi tí baba wọn ti kó wá. Nígbà tí Ọ̀yọ́ Ilé tú, láàárín 1830 sí 1840, tí kálukú ń wá ibi tí yóò forí pamọ́ sí, wọ́n kó iṣẹ́ wọn wọ Ìlọrin. Àwọn oníṣòwò ni ó ń gbé òkúta náà wá láti òkè Ọya. Iṣẹ́ ọwọ́ ni ti Ìlọrin.

Ọ̀nà tí wọ́n fi ṣẹ́gun líle òkúta náà ni èyí: wọn kò yí ìlu, wọ́n ń fi òòlù kékeré kàn án ni. Irin kò lè họ òkúta pupa, ṣùgbọ́n bí a bá fi ẹnu irin ṣóńṣó lu ojú kan wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́ láìdáwọ́ dúró, òkúta yóò máa rún díẹ̀díẹ̀ bí ìyẹ̀fun. Bí ẹ bá lu ú ju bí ó ti yẹ lọ, yóò là sí méjì, gbogbo iṣẹ́ tí ẹ ti ṣe láti fọ́ ọ àti láti gbẹ́ ẹ di òfò. Bí ẹ bá lu ú kéré ju bí ó ti yẹ, ilẹ̀ yóò ṣú bá yín. Ẹnu ìlu ń kú léraléra, a sì gbọ́dọ̀ máa pọ́n ọn. Nítorí náà kì í ṣe ìlu kan ni ó wà lẹ́bàá ẹni tí ó ń lu ìlẹ̀kẹ̀. Ọ̀pọ̀ ni, láti orí èyí tí ó nípọn díẹ̀ tí a fi ń bẹ̀rẹ̀ títí dé èyí tí ó tín-ín-rín tí a fi ń parí.

Ó tún ku ohun kan. Kò sí ẹni tí ó lè lu ìlẹ̀kẹ̀ gígùn láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin láti ẹ̀gbẹ́ kan. Wọ́n á lu ú dé àárín, wọ́n á yí i padà, wọ́n á sì lu ú láti ẹ̀gbẹ́ kejì. Ẹ rò ó wò. Ihò tí ó fẹ̀ tó mìlímítà kan, tí ó ń ti ìhín àti ọ̀hún bọ̀ nínú òkúta tí ojú kò lè rí inú rẹ̀. Bí ọ̀kan bá yà ní mìlímítà kan péré, wọn kò ní pàdé láéláé. Kò sí ẹ̀rọ tí ó ń tọ́ ọwọ́ wọn. Ọwọ́ nìkan ni ó mọ̀ ọ́n. Bí ẹ bá gbọ́ pé ìlẹ̀kẹ̀ lántànà wọ́n, kì í ṣe ẹwà òkúta nìkan ni ẹ ń san owó fún.

Wọ́n tà á yí ilẹ̀ Yorùbá ká, wọ́n sì tà á kọjá rẹ̀. Fún Etikan, ojú omi ni ọjà bẹ́ẹ̀ máa ń gbà wá, nítorí pé ọ̀sà àti odò ni títì gbogbo ẹrù tí ó bá ń ti Èkó wá sí ilẹ̀ Ìlàjẹ.

Ojú omi kan náà ni àjèjì gbà wá. Ní 1885, aṣojú ilé-iṣẹ́ Gaiser ti Hamburg bá Amapetu ti Mahin ṣe àdéhùn lórí ilẹ̀ etíkun náà, ìjọba Jámánì sì na ọwọ́ ààbò lé e. Ọdún náà kò tíì parí tí wọ́n fi yọ̀ǹda rẹ̀ fún àwọn Gẹ̀ẹ́sì. Ìwọ̀nba oṣù díẹ̀ ni Ìlàjẹ fi fẹ́rẹ̀ẹ́ di ilẹ̀ Jámánì, ó sì yà mí lẹ́nu pé àwọn ọmọ ilé-ìwé wa kì í sábà gbọ́ ọ. Epo àti ẹ̀kùrọ́ ni Gaiser ń wá. Ṣùgbọ́n ní ìlú méjì mìíràn ní ilẹ̀ Jámánì, Idar àti Oberstein, tí wọ́n so pọ̀ di ìlú kan ní 1933, àwọn kan wà tí ó ti kọ́ ohun tí àwọn ènìyàn Áfíríkà ń so mọ́ ọrùn.

Iṣẹ́ òkúta ti wà ní Idar àti Oberstein láti ọ̀pọ̀ ọgọ́rùn-ún ọdún. Odò ni ó ń yí ọlọ ńlá tí wọ́n fi ń gbo òkúta. Nígbà tí òkúta ilẹ̀ tiwọn tán, àwọn ọmọ wọn tí ó lọ ṣe àtìpó ní ilẹ̀ Bràsíl rí irú rẹ̀ níbẹ̀ ní nǹkan bíi 1827, wọ́n sì ń fi ọkọ̀ kó o wálé. Òkúta náà kì í sábà pupa. Wọ́n ń rẹ ẹ́ sínú omi tí wọ́n ti yọ́ irin sí, wọ́n ń sun ún nínú iná, àwọ̀ pupa á sì jáde. Ìlu wọn ní dáyámọ́ńdì ní ẹnu. Ohun tí oníṣẹ́ Ìlọrin fi òòlù lu fún ìgbà pípẹ́, dáyámọ́ńdì lu ú kíákíá, ihò náà sì gún gbọnrangandan. Wọ́n ń kó ìlẹ̀kẹ̀ náà ránṣẹ́ sí Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà ní ẹgbẹẹgbẹ̀rún, wọ́n ṣe é ní irú ìrísí tí àwọn ará ibẹ̀ fẹ́ràn, owó rẹ̀ sì kéré.

Lántànà kò lè dúró. Ann O'Hear, ẹni tí ó tẹ ìwádìí rẹ̀ nípa iṣẹ́ yìí jáde ní 1986, ka ìlẹ̀kẹ̀ òyìnbó mọ́ ohun tí ó pa á. Ayé náà ti yí padà: àwọn ọlọ́jà tuntun fẹ́ aṣọ àti wúrà, agbára àwọn ọba tí ó ń ra ìlẹ̀kẹ̀ sì ti dín kù. Èmi gbà bẹ́ẹ̀. Síbẹ̀, mo rò pé bí ẹnikẹ́ni bá ti gbé ẹyọ dáyámọ́ńdì àti ẹ̀kọ́ bí a ti ń lò ó dé Ìlọrin ní 1890, ìtàn náà kì bá rí báyìí. Ọwọ́ wọn kò burú. Ìlu ni kò tó.

Lónìí, dáyámọ́ńdì tí kò sí nílẹ̀ nígbà náà ti di ohun tí a ń rà ní ọjà irinṣẹ́. Ẹ̀yin ọ̀dọ́ tí ẹ ń fẹ́ ṣe ìlẹ̀kẹ̀, tàbí tí ẹ ń gbẹ́ ọkọ̀ kékeré, ilé kékeré àti ère kékeré fún títà, ọ̀rọ̀ ìlu kan yín. Ìlu tí ara rẹ̀ lọ́ bí okùn, èyí tí a mọ̀ jù lónìí, Stephen Morse ará Massachusetts ní Amẹ́ríkà ni ó gba ìwé àṣẹ lé e lórí ní 1863. Ara tí ó lọ́ yẹn ni ó ń kó ìyẹ̀fun jáde nínú ihò. Àwọn kéékèèké inú wọn ní nọ́ńbà, nọ́ńbà náà sì ń ga sókè bí ìlu ti ń kéré sí i: nọ́ńbà 61 tó bíi mìlímítà kan, nọ́ńbà 80 kò sì ju ìdá mẹ́ta mìlímítà kan lọ, bí irun ẹlẹ́dẹ̀. Ọ̀pọ̀ ènìyàn ti ra nọ́ńbà 80 tí wọ́n rò pé ó tóbi.

Oríṣi mẹ́ta ni ẹ óò bá pàdé. Ti irin líle a máa tẹ̀ díẹ̀ kí ó tó kán, nítorí náà òun ni ó tọ́ sí ẹni tí ó ń fi ọwọ́ yí i. Ti kábáìdì le ju irin lọ, ẹnu rẹ̀ kì í kú kíákíá, ṣùgbọ́n bí ọwọ́ yín bá yẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ díẹ̀ báyìí, yóò kán. Ẹ̀rọ tí ó dúró gún régé ni ó wà fún. Èyí tí wọ́n fi ìyẹ̀fun dáyámọ́ńdì pa ẹnu rẹ̀ wà fún dígí àti òkúta, a kò sì gbọ́dọ̀ lò ó láìsí omi. Fún èèpo àgbọn, ẹ ra ti irin líle. Ẹ kọ́kọ́ fi abẹ́rẹ́ sàmì sí ojú ibi tí ẹ fẹ́ lu, kí ìlu má baà yọ̀. Ẹ fi pákó sábẹ́ rẹ̀, kí ẹ̀yìn ihò má baà ya. Ẹ máa fa ìlu jáde léraléra kí ìyẹ̀fun dà nù, nítorí pé ìyẹ̀fun tí ó bá dí inú ihò ni ó ń kán ìlu ju agbára ọwọ́ lọ. Kí ẹ tó ra ìlu, ẹ kọ́kọ́ ra okùn: okùn ni ó ń sọ bí ihò yóò ti fẹ̀ tó.

Àwọn ohun mìíràn kò sì fẹ́ ìlu púpọ̀. Justus Akeredolu, ọmọ Ọ̀wọ̀ tí a bí ní 1915, ni ó dá iṣẹ́ ẹ̀gún gbígbẹ́ sílẹ̀ láàárín 1930 sí 1939. Ẹ̀gún ara igi àtá àti irú rẹ̀ ni ó ń gbẹ́; èyí tí ó tóbi jù nínú wọn kò ju íǹṣì 5 lọ. Ó ń fi í ṣe ènìyàn kéékèèké lẹ́nu iṣẹ́ òòjọ́ wọn. Ẹ̀gún náà rọ̀ débi pé ọ̀bẹ mímú ni olórí irinṣẹ́ rẹ̀. Ẹni tí ó bá gbé ìlu dáyámọ́ńdì lọ síbẹ̀ ń fi àdá pa eṣinṣin ni. Pákó ògùrọ̀ tí ó kún ẹrẹ̀ Ìlàjẹ náà rí bẹ́ẹ̀, abẹ́rẹ́ ìránṣọ tó o.

Kí n tó jókòó, ẹ jẹ́ kí n sọ ohun kan fún àwọn tí ìyá wọn fi ìlẹ̀kẹ̀ pupa sílẹ̀ fún, nítorí pé àwọn aráàjò tí ó ń ra ìlẹ̀kẹ̀ àtijọ́ kì í sọ ọ́. Àwọn onímọ̀ a máa da rọ́bà rírọ̀ sínú ihò ìlẹ̀kẹ̀, wọn á fà á yọ, wọn á sì wo ojú rẹ̀ pẹ̀lú awò ńlá. Ìlu tí ó dá a lu ni wọ́n ń wá. Ẹ̀yin náà lè gbé e sójú oòrùn kí ẹ wo inú rẹ̀. Bí ihò náà bá gún láti etí dé etí, tí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ dán, dáyámọ́ńdì ni, ó sì lè jẹ́ láti Khambhat tàbí láti Jámánì. Bí ó bá fẹ̀ ní ẹnu méjèèjì, tí ó fún ní àárín bí ìbàdí, tí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ rí hẹ́gẹhẹ̀gẹ, tí ẹ sì rí i pé ihò méjì ni ó pàdé láàárín tí ọ̀kan yà díẹ̀ sí èkejì, irin àti òòlù ni. Ẹ má tíì gba owó lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Ẹ gbé e lọ sí ilé ohun ìṣẹ̀ǹbáyé kí ẹni tí ó mọ̀ ọ́n bá yín wò ó, nítorí pé ó ṣeé ṣe kí ó jẹ́ ti Ìlọrin.